Ọdún Dé Tán: Ta Ni Yóò Sọ Ìdí Rẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa?

Nígbà tí oṣù Nòfẹ́ńbà bá ti ń lọ sí òpin, tí ọyẹ́ sì ń múra àtifẹ́, ọ̀rọ̀ ọdún ni ó ń gba ẹnu tọmọdé tàgbà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá ń ṣírò iye tí adìẹ yóò jẹ́ lọ́jà. Baba ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má bàa pàdé télọ̀ tí ó jẹ ní gbèsè láti èṣí. Àwọn ọmọ ń ka ọjọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú gbogbo èyí. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ọmọ má ṣe yọ̀ ní ọjọ́ tí a ń rántí ìbí Olùgbàlà, onítọ̀hún kò tíì gbọ́ ohun tí Ìhìn Rere wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ bi ara wa kí ọjọ́ náà tó pé. Bí a bá pe ọmọ ọdún méje kan nínú ilé wa, tí a sì bi í pé kí ni ìdí tí a fi ń ṣe ọdún Kérésìmesì, kí ni yóò sọ?

Ẹ dán an wò nínú ilé yín. Ẹ̀rù ń bà wá pé púpọ̀ nínú wọn ni yóò dárúkọ ìrẹsì, aṣọ tuntun, Bàbá Kérésì àti ibi ìgbafẹ́ tí a ti ṣèlérí láti mú wọn lọ. Àwọn tí yóò dárúkọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò ní í pọ̀. Ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti ọmọ. Ohun tí a bá kọ́kọ́ fi lé ọmọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọdún, òun ni yóò gbà pé ó ń jẹ́ ọdún. Bí ó bá jẹ́ bàtà ni, ọdún di bàtà.

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ìgbàanì mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ ṣí ìwé Ẹ́kísódù sí orí kejìlá. Nígbà tí a fi àjọ Ìrékọjá lélẹ̀ fún wọn, a kò pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn ọmọ sí ìta kí ariwo wọn má bàa dí ìsìn lọ́wọ́. A sọ fún àwọn òbí pé àwọn ọmọ yóò béèrè ìtumọ̀ ìsìn náà, a sì fi ìdáhùn tí wọn yóò fọ̀ sí wọn lẹ́nu. Títí di òní olónìí, nínú ilé àwọn Júù, ọmọ tí ó kéré jù lọ nídìí tábìlì ni ó ń béèrè ìbéèrè ní alẹ́ Ìrékọjá, àwọn àgbà ni wọ́n sì ń dáhùn. Kí ni ó ń mú kí ọmọ béèrè? Oúnjẹ ni. Ewébẹ̀ kíkorò wà nínú àwo, búrẹ́dì aláìwú wà níbẹ̀, ọmọ sì mọ̀ pé a kì í jẹ irú èyí ní ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ ọdún ni ọ̀tá ìgbàgbọ́. Oúnjẹ gan-an ni wọ́n fi ṣe ìwé tí ọmọ ń kà.

Ní ilẹ̀ tiwa, a ti ń ṣe ọdún yìí tipẹ́. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. pàdé ní Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, láti ìgbà náà wá ni ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń bá òbí gbé ẹrù ìtàn ọdún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Jánúárì ọdún 1955, púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba àwọn ọmọ náà wọlé jẹ́ ti àwọn ìjọ. Olùkọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ ní orin Kérésìmesì. Olùkọ́ ni ó ń pín ipò fún wọn nínú eré ìbí Jésù: ẹni tí yóò ṣe Jósẹ́fù, ẹni tí yóò ṣe olùṣọ́-àgùntàn, ẹni tí yóò fi aṣọ ìbora ìyá rẹ̀ ṣe agbádá amòye láti ìlà-oòrùn. Baba tí kò mọ̀wé pàápàá, ọmọ rẹ̀ ni yóò wá máa ṣe eré náà lójú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òun náà yóò fi mọ ìtàn.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Kì í ṣe ète wa láti tú àríyànjiyàn yẹn palẹ̀ lónìí. Àwọn ìjọba kan tilẹ̀ ti dá díẹ̀ padà láti ìgbà náà. Ohun tí ó kàn wá ni pé ẹrù tí ilé-ẹ̀kọ́ ń bá òbí gbé ti padà sí orí òbí, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ pé ó ti padà. Wọ́n ṣì rò pé ẹnì kan wà níbì kan tí ń sọ ìtàn náà fún ọmọ. Olùkọ́ rò pé wọ́n ti sọ ọ́ nílé. Baba rò pé wọ́n ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì ní wákàtí kan péré ní ọjọ́ ìsinmi, ìdajì rẹ̀ ni a sì fi ń gbà wọ́n níyànjú láti jókòó jẹ́ẹ́. Láàárín àwọn mẹ́ta yìí ni ọmọ ti ń dàgbà láìgbọ́ ọ. Ọmọ tí a kò kọ́ sì ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

A gbọ́dọ̀ rántí pé nínú ẹbí ni ìgbàgbọ́ yìí ti ta gbòǹgbò láàárín wa, kì í ṣe lórí àga ìwàásù nìkan. Ọdún 1821 ni a kó Àjàyí, ẹni tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, lẹ́rú ní Òṣóògùn. Ó di ọdún 1846 kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, orúkọ tí a sì fún un ni Hánà. Ẹni tí ó bá mọ Bíbélì yóò mọ̀ pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Ìtàn kan ṣoṣo yìí, bí ìyá àgbà bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ ọdún, ó tó ìwàásù mẹ́ta.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ó ń pẹ́ lórí rẹ̀, èyí tí a sọ fún un nìkan a máa tètè fò lọ. Ní ìlú Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern, tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tálákà. Àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí ó sinmi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá Kérésìmesì ti dé. Ní ọdún 1839, ó wá ọgbọ́n dá sí i. Ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí a fi igi ṣe, ó to àbẹ́là kéékèèké yí i ká fún àwọn ọjọ́ iṣẹ́, ó sì fi ńláńlá mẹ́rin sí i fún àwọn ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin tí ó ṣáájú ọdún, àsìkò tí ìjọ ń pè ní Bíbọ̀ Olúwa. Lójoojúmọ́ wọn a tan ọ̀kan kún ti àná. Ọmọ tí kò tíì mọ ìṣirò yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i, òkùnkùn sì ń dín kù.

Ilé wo ni àbẹ́là ti ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí? Àwọn oníná mànàmáná ti rí sí i pé kò sí ilé tí kò ní i. Àbẹ́là mẹ́rin tí a rì mọ́ inú àwo iyanrìn ti tó. Ọjọ́ ìsinmi tí ó bá sún mọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Nòfẹ́ńbà jù lọ ni a ó tan èkíní. Kí ọmọ ni kí ó tan án, kí baba má ṣe gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ (ó lè di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ó bá kéré), kí ọmọ tí ó tan iná sì sọ gbólóhùn kan fún gbogbo ilé nípa ẹni tí a ń retí. Lẹ́yìn èyí, àdúrà kúkúrú, kí olúkúlùkù sì lọ sùn. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àdúrà tí ó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi sun oorun lórí ìkúnlẹ̀ kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan bí kò ṣe pé àdúrà a máa múni sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Dìsẹ́ńbà, a lè ṣe nínú ilé ohun tí a ń ṣe nínú ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án. Ní Truro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣètò ìsìn náà ní ọdún 1880. King's College ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1918, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó wù wá nínú rẹ̀ ni pé ọmọ akọrin ni ó ń ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní, a ó sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan olórí. Yorùbá ni wá, àgbà ni ó ń kọ́kọ́ bu òkèlè láàárín wa, nítorí náà ó lè jọ àṣejù lójú ẹlòmíràn pé kí ọmọdé ṣáájú baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọmọdé kan tí a tẹ́ sí ibùjẹ ẹran ni a fi pé jọ ní alẹ́ yẹn. Kí ẹni tí ó kéré jù lọ nínú àwọn tí ó mọ ìwé kà bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ gígùn. Kí baba àgbà tàbí ìyá àgbà parí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó fún ilé. Kò di dandan kí ó pé mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ orin tún wà níbẹ̀, a kò sì ní lè fo èyí dá. Èdè wa, èdè ohùn ni; bí ohùn bá yí, ìtumọ̀ a yí. Púpọ̀ nínú orin Kérésìmesì tí a ń kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi tipátipá wọ inú ohùn orin àwọn Òyìnbó, ọmọ a sì máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmọ ohun tí ó ń sọ. Olóògbé Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, ṣe àlàyé ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1953. Ṣáájú ìgbà náà ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn. Ọdún 1922 ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, kí òbí tí ó fẹ́ kí orin ọdún wọ ọmọ létí wá èyí tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bí ìlù bá sì bá a lọ, kí ọmọ lù ú.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Kérésì ń kọ́? Àwọn kan fẹ́ kí á lé e kúrò pátápátá. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí á sọ fún ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní Myra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, tí ń jẹ́ Nicholas. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé tálákà kan ní ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò rí owó fi fún ọkọ (ní ilẹ̀ wọn nígbà náà, ilé ìyàwó ni ó ń mú owó wá). Nicholas wá ní òru, ó ju owó wúrà wọlé, ó sì bá tirẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ẹni tí ó ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́ ni àpò ìrẹsì tí a tẹ àwòrán olóṣèlú sí lára a máa rìn káàkiri àdúgbò, ayàwòrán a sì máa tẹ̀ lé e. A kò sọ pé kí ẹni tí ebi ń pa má gbà á; ebi kò mọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá rí i pé ìrẹsì tí orúkọ ènìyàn wà lára rẹ̀ ni ó mú kí ilé pariwo ayọ̀ jù lọ, tí kò sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni gbé ń fúnni ní nǹkan láìdárúkọ ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nípa fífúnni nìyẹn. Olúwa wa kò fẹ́ kí ọwọ́ kan mọ ohun tí èkejì fi fúnni. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan aṣọ kan nínú tirẹ̀ tí ó ṣì dára, kì í ṣe àkísà, kí ó sì bá ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé tí wọn kò ti ní í rí rà lọ́dún yìí. Kí wọ́n gbé e sílẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n máa bọ̀. Ọmọ a máa fẹ́ràn irú àṣírí bẹ́ẹ̀ púpọ̀. A mọ ilé tí ó jẹ́ pé nítorí aṣọ tuntun tí kò sí, ọmọ kọ̀ láti lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ọmọ tí ó ti ru aṣọ lọ fún ẹlòmíràn kò ní í fi ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbígbé oúnjẹ kiri ní òwúrọ̀ ọdún pẹ̀lú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó parẹ́. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa, àwa náà ń fi ìrẹsì àti adìẹ ránṣẹ́ sí wọn. Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nínú ìsìn kejì. Ọmọ ni ó ń gbé àwo náà. Kí ìyá sọ fún un kí ó tó jáde pé nítorí pé Ọlọ́run fún gbogbo ayé ní ẹ̀bùn ni a ṣe ń fún aládùúgbò ní tirẹ̀. Láìsọ èyí, ọmọ kò ju aláàárù lọ.

Bí a ti ń sọ ti Kérésìmesì, ọdún Àjíǹde náà ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni a sì máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù nínú ilé. Ní ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, a kò lè ní kí ọmọ kékeré gbààwẹ̀ bí àgbà, ṣùgbọ́n ó lè ní kóló kan tí yóò máa sọ owó bisikíìtì rẹ̀ sí, tí a ó fọ́ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde fún aláìní. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ lọ wo àwọn Àgùdà ní Èkó, àwọn tí baba ńlá wọn padà bọ̀ láti Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fréjọ̀n ni wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ náà, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a sì fi omi àgbọn sè, ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹran kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ Àgùdà kò lè ṣàìbéèrè ìdí tí ẹran kò fi sí nínú ọbẹ̀ lónìí. Ní kété tí ó bá ti béèrè, iṣẹ́ àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Ewébẹ̀ kíkorò àwọn Júù tún nìyẹn, ní àárín ìlú Èkó.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni à ń pè ní Gálílì. Gbogbo ọmọ ni ó mọ̀ pé ọjọ́ ìgbafẹ́ ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí èyí tí ó mọ̀ pé nítorí iṣẹ́ tí áńgẹ́lì rán àwọn obìnrin ní ibojì ni, pé Olúwa ń ṣáájú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Ìwé Jòhánù orí kọkànlélógún sọ bí wọ́n ṣe bá a ní etí òkun tí ó ti dáná, tí ó ń yan ẹja dè wọ́n. Kò wá yẹ kí á lọ sí Gálílì láìsí ẹja. Ibi yòówù tí ìdílé bá lọ ní ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ etí òkun tàbí abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìn ilé, kí baba fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹja fún àwọn ọmọ rẹ̀. Jòhánù sọ iye ẹja tí ó wà nínú àwọ̀n ní òwúrọ̀ yẹn: 153. Ẹ fún àwọn ọmọ ní òkúta wẹ́wẹ́ kí wọ́n kà á pé, ẹ ó rí i bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó gbàgbé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò lè ṣe iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe nígbà náà, nítorí ọmọ onírúurú ìsìn ni ó wà níwájú yín, kò sì tọ́ kí á fi ipá kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìsìn tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè fún gbogbo wọn kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ní oṣù Dìsẹ́ńbà. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ẹni tí ó dàgbà jù lọ nínú ilé rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ọdún nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ohun tí wọ́n jẹ, orin tí wọ́n kọ, àti ìdí tí a sọ fún un pé a fi ń ṣe é. Ọmọ Mùsùlùmí lè béèrè ti Iléyá. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé kan ní èdè Yorùbá tí ó já gaara. Bí ẹ bá rí èyí tí ó dára nínú wọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó fi àyè sílẹ̀ fún un ní ojú ewé yìí kí ọdún tuntun tó wọlé.